Láti Ògùnpa dé Apẹ̀tẹ̀: Bí Ìbàdàn Ṣe Ń Dúró De Òjò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ ya fọ́tò ní Agodi Gardens, ẹ súnmọ́ bí. Adágún omi tó máa ń wà lẹ́yìn yín nínú fọ́tò yẹn, omi Ògùnpa ni. Odò yìí kan náà ló ba ọgbà yẹn jẹ́ lọ́dún 1980, ọdún 2014 ni wọ́n sì tó tún un ṣe tí wọ́n ṣí i padà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko! Ọ̀pọ̀ nínú wa tá à ń fi ibẹ̀ ṣe fọ́tò ọjọ́ ìbí ò tíì dáyé nígbà tí omi gbé e lọ.

Thread yìí á gùn o, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn omíyalé Ìbàdàn ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ mi ò wá láti wá pa yín lẹ́kún. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé ìlú yìí ò mọ̀ pé omi ń bọ̀ ni? Mo ka èyí tí mo rí kà, mo bi àwọn àgbà ilé wa, ibi tí mo wá já sí ni pé ìlú mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó kàn jẹ́ pé odò tó ti pa èèyàn tán ni Ìbàdàn máa ń múra sílẹ̀ dè. Odò tó kàn á wá gba ẹ̀yìn yọ sí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ ìlú yìí dó ní nǹkan bí ọdún 1829, agbègbè òkè Màpó ni wọ́n jókòó sí. Ogun ló gbé wọn débẹ̀, ẹni tó bá wà lókè á tètè rí ọ̀tá tó ń bọ̀. Àmọ́ òkè yẹn tún ṣe wọ́n lóore mìíràn, torí agbára òjò kì í gun òkè. Àkúrọ̀ ni wọ́n ń pe ìsàlẹ̀ létí odò. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, àkúrọ̀ ni ilẹ̀ ọ̀rinrin tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé omi kì í tán nínú rẹ̀. Tí òjò bá wá dé, odò á gba ilẹ̀ rẹ̀ padà fún oṣù bíi mélòó kan. Kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ẹ̀fọ́ ló kúkú wà níbẹ̀, kì í ṣe yàrá àti pálọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ètò ìlú ni "àkúrọ̀" fúnra rẹ̀. Ó sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́, ó sì sọ ohun tó yẹ kéèyàn fi í ṣe. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù ibi tí omi lè dé lónìí, ohun tí àwọn bàbá wa fi orúkọ pè ni wọ́n ń wá.

Kí ló wá gbé ilé dé àkúrọ̀? Rélùwéè ni. Lọ́dún 1901, ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó wọ Ìbàdàn. Dùgbẹ̀ ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, ní apá ìwọ̀-oòrùn, bẹ́ẹ̀ ìlú àtijọ́ wà lókè lọ́hùn-ún ní apá ìlà-oòrùn. Ògùnpa ló ń ṣàn láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kó wá sí Gbági kí wọ́n lè sún mọ́ ọkọ̀ ojú irin, ọjà tẹ̀lé wọn, ilé wá tẹ̀lé ọjà. Owó ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, àwọn èèyàn sì tẹ̀lé e lọ sí etí omi. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi náà á tẹ̀lé e.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń mú kí odò kékeré di apànìyàn, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé òjò nìkan ni. Ilẹ̀ tí koríko àti igi wà lórí rẹ̀ máa ń mu omi. Páànù kì í mu omi, títì ọlọ́dà kì í mu ún, símẹ́ǹtì tí ẹ dà síwájú ilé kí ẹrẹ̀ má baà wọ pálọ̀ kì í mu ún. Omi tó yẹ kó máa rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ lọ sínú odò, tí á gbà á ní wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan, á wá dé ní ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó sì yẹ kó gbà kọjá, ẹnì kan ti fi ògiri ṣọ́ọ̀bù fún un mọ́. Pàǹtí di abẹ́ afárá. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, onílé gan-an ló kọ́kọ́ lọ bá àgbàrá nílé tirẹ̀.

Ògùnpa ò sì pa á mọ́ra. Ó ya lọ́dún 1955. Ó ya lọ́dún 1960. Ó tún ya ní 1963. Nígbà tó di 1978, ó ya débi pé ó kéré tán ọgbọ̀n èèyàn bá a lọ, ilé sì wó. Ẹ fi 1978 yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Àìkú ni. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Omi tó bọ́ sílẹ̀ ju mílímítà 250 lọ. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín, ó yá, ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì wọ̀n ọ́n. Ẹ wo ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, bí ibi tí ẹ lè tẹ́ ẹní kékeré sí. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́wàá, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí ibi kékeré yẹn. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo òrùlé àti gbogbo títì tó da omi rẹ̀ sí Ògùnpa.

Àwọn tó kú ju ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn àkọsílẹ̀ kan ní iye òkú lé ní 200. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló di aláìnílé lórí mọ́júmọ́ kan. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá bi àwọn àgbàlagbà kan léèrè ọdún tí wọ́n bí ọmọ wọn tàbí tí wọ́n kó kúrò ní ilé kan, wọn ò ní pe 1980. Wọ́n á ní, "ọdún tí Ògùnpa ya." Ìyá mi àgbà ń fi ka ọjọ́ orí àwọn èèyàn. "Lágbájá ti ń rìn nígbà Ògùnpa." Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ti di kàlẹ́ńdà.

Ó yá, ẹ padà sí 1978. Ọdún méjì péré ló wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn òkú 1978, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò mọ ohun tí Ògùnpa lè ṣe. Ojú gbogbo ayé rí ibi tí omi dé, àmì ẹrẹ̀ wà lára ògiri. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe náà ò ṣòro láti mọ̀: kí wọ́n fẹ odò lójú, kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, kí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ, kí wọ́n sì kó ilé kúrò létí rẹ̀. Ohun tó gba àkókò ni ta ló máa sanwó, ta ló máa fọwọ́ sí i, ilé ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó. Ìjọba ológun kó kúrò ńlẹ̀ lọ́dún 1979, Bọ́lá Ìgè di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, Shagari di ààrẹ lábẹ́ NPN. Òjò ò mọ ẹgbẹ́ kankan.

Lẹ́yìn 1980 ni iṣẹ́ kọnkéré Ògùnpa wá di dandan. Ẹ má rò pé wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún kejì o. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìjọba dé, ìjọba lọ. Lẹ́yìn 1999, ní ayé Ọbásanjọ́, wọ́n ṣì ń báṣẹ́ lọ lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iṣẹ́ yẹn ṣiṣẹ́. Kọnkéré ńlá tẹ́ ẹ máa ń rí tẹ́ ẹ bá ń kọjá, tí àwọn kan sọ di ààtàn, òun ni ò jẹ́ kí Ògùnpa tún pa wá bíi ti 1980. Ó máa ń bí mi nínú tí mo bá gbọ́ kí ọ̀dọ́ kan máa sọ pé kò sóhun tí ètò lè ṣe ní Nàìjíríà. Ètò ṣiṣẹ́, ó kàn pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì dé, odò kan ló wò.

Torí pé nígbà tí Ògùnpa ń wọ kọnkéré, Ìbàdàn ń gbòòrò. Ìlú ti kúrò ní Dùgbẹ̀ àti Òkè-Àdó, ó ti gba Apẹ̀tẹ̀, Ajíbọ́dẹ̀ àti Ológunẹrú lọ. Odò Ọnà ló wà lápá ibẹ̀. Odò Ọnà ni wọ́n dí lọ́dún 1942 tó di dáàmù Elẹ́yẹlé, kí ìlú lè rí omi mu. Wọ́n kọ́ dáàmù yẹn fún Ìbàdàn ọdún 1942. Gbogbo òkè odò nígbà náà, igbó àti oko ni. Nígbà tó fi máa di ayé tiwa, páànù ló kún ibẹ̀, ẹrẹ̀ àti ewéko orí omi sì ti gba àyè nínú dáàmù.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ mílímítà 187.5, kẹ́ẹ̀gì méje ààbọ̀ lórí ẹní yẹn. Ó kéré sí ti 1980 dáadáa. Síbẹ̀, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó kú. Dáàmù Elẹ́yẹlé kún àkúnya. Afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, àwọn tó ń gbé ní òdìkejì ò lè débi iṣẹ́, àwọn ọmọ Poly ò lè dé kíláàsì. Omi wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó wọ ọgbà ẹranko, ó gbé ẹja inú oko ẹja lọ.

Ẹ rí i báyìí? Òjò tó kéré sí i, tó ṣì pa èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a ti ń sọ pé a ti kọ́gbọ́n. Ibi tí ariwo pọ̀ sí kì í tún ṣe etí Ògùnpa. Apẹ̀tẹ̀, Elẹ́yẹlé, Odò-Ọnà ni. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ò sí nínú ètò kankan, torí lásìkò tí wọ́n ń ṣètò, oko ni ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nígbà tí mo ń wá ilé láti gbé nígbà tí mo wà nílé ìwé, ejẹ́ǹtì kan mú mi lọ wo yàrá kan lápá ibẹ̀. Oṣù Kejì ni, ilẹ̀ gbẹ kan-an-kan, odò ẹ̀yìn ilé ò ju kí n fò ó lọ. Owó ilé yẹn dínkù ju ti gbogbo ibi yòókù tí a ti wò, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún. Ọ̀dà ara ògiri ní àwọ̀ méjì, èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣókùnkùn títí dé ibi ìdí mi, ìyókù funfun. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní "style" ni. Obìnrin kan tó ń ta bọ́lì lójú títì ló sọ fún mi pé ibi tí omi máa ń dé ni wọ́n fi ọ̀dà bò. Mi ò gba ilé náà. Ẹlòmíràn ti gbà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí, torí owó rẹ̀ ò pọ̀, ilé sì wọ́n.

Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn tí mo bá ní ẹnì kan ti mọ̀. Onílé mọ̀. Ejẹ́ǹtì mọ̀. Ìyá oníbọ́lì mọ̀. Ayálégbé tuntun nìkan ni ò mọ̀, òun sì ni omi máa bá lórí bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn 2011, ìjọba Ajímọ̀bí wó àwọn ilé kan létí odò, lẹ́yìn náà wọ́n lọ yá owó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn. Gbèsè ni o, ẹ má pè é ní ẹ̀bùn, àwa àtàwọn ọmọ wa la máa san án. Àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn ò wo odò kan ṣoṣo. Wọ́n wo gbogbo odò ìlú pọ̀, wọ́n ya ibi tí ewu wà, wọ́n kọ ìwé ètò fún ìlú fúnra rẹ̀, òmíràn fún gọ́tà, òmíràn fún pàǹtí. Afárá àti gọ́tà wà nínú iṣẹ́ náà, àtúnṣe dáàmù Elẹ́yẹlé náà wà níbẹ̀. Èyí ni mo lè pè ní ètò gidi, torí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òjò tó ń bọ̀ máa gbà, kì í ṣe ibi tí ti àná gbà nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹnjiníà máa ń lò tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà: "òjò ọgọ́rùn-ún ọdún". Àwọn èèyàn á ní, há, tó bá ti rọ̀ lọ́dún 2011, ó di 2111 nìyẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́lé. Rárá o! Ẹ kó ẹ̀pà ọgọ́rùn-ún sínú igbá, kí ọ̀kan péré nínú rẹ̀ jẹ́ dúdú. Lọ́dọọdún, ẹ dijú mú ẹyọ kan, ẹ wò ó, ẹ dá a padà, ẹ ro igbá. Dúdú lè jáde lọ́dún yìí, kó sì tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé inú ilé kan fún ọgbọ̀n ọdún, tẹ́ ẹ mú ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mọ́gbọ̀n, ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tí dúdú máa bọ́ sí lọ́wọ́. Tí páànù bá sì ń pọ̀ sí i lókè odò, òjò tí kò tó bẹ́ẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ òjò ńlá. Ẹ̀pà dúdú á máa pọ̀ sí i nínú igbá láìsí ẹni tó kà á.

Ibi tó le jù nínú ètò, tí kì í ṣe ti kọnkéré, ni ti ilé tó ti wà létí odò tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri, katakata á dé, gbogbo èèyàn á sì yà sí méjì. Àwọn kan á ní òfin ni, kí wọ́n wó o. Àwọn kan á ní ìkà ni. Lójú tèmi, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ kó tó kọ́lé, tí ìjọba sì wá sọ fún un pé ojú omi ni, ìjọba ló jẹ ẹ́ lówó. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn ní ọ́fíìsì mọ àkúrọ̀ nígbà tó ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò gbàwé, àmọ́ tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo owó ayé rẹ̀, tiẹ̀ nira. Síbẹ̀, kí wọ́n wá ibi tó máa sùn kí wọ́n tó gbé katakata dé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wó ilé wọn, tí wọn ò fún ní nǹkan kan, etí odò mìíràn ni wọ́n ń lọ. Níbo ni wọ́n á tún ti rí ilẹ̀ tí apá wọn ká?

Ẹ rántí wolé-wolé? Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí àwọn ìyá wa àgbà ń sá fún láyé òyìnbó. Wọ́n á ṣí ìkòkò omi yín wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n á wo gọ́tà, wọ́n á mú yín lọ sí kóòtù tó bá dọ̀tí. Àwọn èèyàn kórìíra wọn, mo sì gbọ́ pé àwọn kan nínú wọn ń gbowó ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹnì kan ń wo gọ́tà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n fi dọ́là tẹ́, tí kò bá ní wolé-wolé tirẹ̀, ààtàn ló máa dà.

Èyí tó kù ni ìkìlọ̀. NiMet ń sọ bí òjò ọdún ṣe máa rí, NIHSA ń sọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yalé wọn. Ó dáa. Àmọ́ àwọn odò Ìbàdàn ò gùn bíi Ọya, tí omi á gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Òjò lè bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí omi wọlé kí ẹ tó jẹun alẹ́. Ẹni tó ń gbé létí Odò Ọnà ò nílò kí wọ́n sọ fún un ní oṣù Kejì pé òjò á pọ̀ lọ́dún yìí. Ohun tó nílò ni kí ẹnì kan tó ń wo odò lókè pè é láago mẹ́jọ alẹ́ pé, "Gbé ọmọ ẹ, máa lọ sókè báyìí." Kí ó sì ti mọ òkè wo, àti ilé ta ni.

Ní báyìí, iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ibí. Ẹ bi àwọn tó dàgbà nílé yín ibi tí omi dé ní 1980 àti 2011. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ thread yìí: orúkọ àdúgbò, ọdún, àti bí omi ṣe ga tó lára ògiri, bóyá orúnkún ni, ìdí ni, tàbí fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá ní fọ́tò àtijọ́, ẹ fi sí i. Ẹ má kọ nọ́ńbà ilé tàbí orúkọ onílé. Mo ti ń kó o jọ sórí máàpù kan, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbé e jáde, nígbà tí àwọn ejẹ́ǹtì bá ń mú àwọn ọmọ tuntun kiri.